Ṣé ẹ̀rọ lè ya fọ́tò wárápá?

Láti ìgbà tí rédíò ti sọ pé àwọn dókítà ń fi ẹ̀rọ wo inú ọpọlọ ọmọdé kí wọ́n lè mọ ibi tí wárápá ti ń gbéra, ìbéèrè ò jẹ́ ká sinmi. Ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ ní Ọjà Ọba, Àkúrẹ́, ní ṣé wọ́n ti wá rí ojú ẹ̀ báyìí?

Ṣé wọ́n rí i?
Wárápá kì í ṣèèyàn, kò lójú.

Kí ni wọ́n wá ń rí?
Iná tín-ín-rín ni àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Bí agbo kan nínú wọn bá ṣàdédé figbe ta pọ̀, ọmọ lè ṣubú, ó sì lè kàn dákẹ́ kó ranjú mọ́ ibì kan. Ẹ̀rọ MRI tí wọ́n fi ń ya ọpọlọ kì í gbọ́ igbe yẹn. Àpá ló ń wá: ibi tí ọpọlọ ò ti tò dáadáa láti inú oyún, ibi tí àìrí èémí mí ti bà jẹ́ nígbà ìbí, àpá àrùn yírùnyírùn, tàbí kókó.

Ẹ̀rọ mìíràn tí wọ́n ń pè ní EEG ló ń gbọ́ igbe. Hans Berger, ará Jámánì, ló kọ́kọ́ fi gba iná ọpọlọ èèyàn sílẹ̀ ní 1924. Wọ́n á lẹ wáyà mọ́ agbárí ọmọ, ìyẹn ni wọ́n fi ń ní ká fọ irun rẹ̀, ká má fi òróró sí i. Ẹni tó bá di ṣùkú tuntun fún ọmọ lọ síbẹ̀, ó ṣeé ṣe kó tú u níbẹ̀.

Ẹ̀rọ PET ní tirẹ̀ ń wo bí ọpọlọ ṣe ń jẹ ṣúgà. Nígbà tí wárápá ò bá gbé ọmọ, ibi tó ti ń wá sábà máa ń jẹun kéré sí ibi yòókù. Bí gbogbo wọn bá nàka síbì kan náà, ọkàn dókítà á balẹ̀.

Bí wọn ò bá rí àpá kankan nínú fọ́tò ńkọ́?
Wárápá ṣì lè wà.

Ṣé gbogbo ọmọ ló gbọ́dọ̀ ṣe é?
Rárá o. Gìrì tí ibà fà fún ọmọ oṣù 6 sí ọdún 5 kì í sábà nílò rẹ̀. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní nǹkan bí 7 nínú àwọn 10 tó ní wárápá ni oògùn tó yẹ lè gbà sílẹ̀. Nígbà tí oògùn méjì tó yẹ ò bá ràn án, tí wọ́n ń ro iṣẹ́ abẹ, ni wíwá ojúko rẹ̀ di dandan.

Ṣé MRI ò ní pa á lára?
Mágínẹ́ẹ̀tì ló ń lò, kì í ṣe X-ray. Ariwo rẹ̀ ló pọ̀, bí ẹni ń kan páànù lókè orí ẹni. Wọ́n lè fún ọmọ kékeré ní oògùn oorun. Ẹ bọ́ yẹtí, ẹ bọ́ ìfúnpá tó ní irin. Mágínẹ́ẹ̀tì ò mọ̀ pé bàbá àgbà ló fi sí i lápá.

Ṣé itọ́ ọmọ tí wárápá gbé ń ràn?
Kò ràn. Ẹ nù ún.

Bó bá dé lóru, tí kò sẹ́rọ nítòsí?
Ẹ fẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀. Ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má fún un ní ìtọ̀ màlúù, ẹ má sì ti ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ iná. Ẹ wo aago: bó bá kọjá ìṣẹ́jú 5, ilé ìwòsàn yá. Bí ẹ bá pé méjì, kí ẹnì kan fi fóònù ká a sílẹ̀. Ọwọ́ wo ló kọ́kọ́ gbọ̀n, ẹ̀gbẹ́ wo lojú yí sí? Dókítà á bi yín kó tó dárúkọ ẹ̀rọ kankan.