Orúnkún tí kì í ká lásìkò: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ìrìn ọmọ tó ní cerebral palsy

Ìbéèrè: Cerebral palsy, ìpalára ọpọlọ láti kékeré tó ń dí ìrìn àti ìdúró lọ́wọ́, mú ọmọ mi ní ẹ̀gbẹ́ òsì ara nìkan. Dókítà ní ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ò bára mu. Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀?

Ìdáhùn: Àsìkò ni wọ́n ń wò. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látìgbà tí gìgísẹ̀ ọ̀tún bá balẹ̀ títí tí yóò fi tún balẹ̀, ẹ pín àárín rẹ̀ sí 100. Lára ẹni tí kò ní àìsàn kankan, ẹsẹ̀ kan ń wà nílẹ̀ fún nǹkan bí 60, á wà lókè fún 40, ẹsẹ̀ kejì á sì balẹ̀ ní nǹkan bí 50. Ọmọ tí ẹ̀gbẹ́ òsì ara rẹ̀ le kì í fẹ́ pẹ́ lórí ẹsẹ̀ òsì.

Ìbéèrè: Ṣé a lè ka àsìkò yìí nílé?

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe. Ẹ gbé fóònù sórí àga, kó ga tó ìbàdí ọmọ, kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tó máa gbà, kó jìnnà sí ọ̀nà náà tó bíi mítà mẹ́rin. Kó bọ́ bàtà, kó wọ ṣòkòtò péńpé. Ẹ jẹ́ kí fídíò ká àwòrán 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó bá jẹ́ 30, àṣìṣe àwòrán kan á ti gba bíi 3 nínú 100 yẹn. Ẹ má sọ fún un pé kó rìn dáadáa o, torí ìrìn àfihàn ló máa rìn. Ẹ fi ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ àti ìkẹyìn sílẹ̀.

Ká ní ọ̀tún balẹ̀ ní àwòrán 10, òsì ní 46, ọ̀tún tún balẹ̀ ní 70. Láti ọ̀tún dé òsì jẹ́ 36 nínú 60, ìyẹn 60 nínú 100. Láti òsì dé ọ̀tún, 40 péré. Ó ń sá kúrò lórí ẹsẹ̀ òsì nìyẹn.

Ìbéèrè: Orúnkún ò ká, ìka ẹsẹ̀ ń họ ilẹ̀. Ṣé orúnkún ló bàjẹ́?

Ìdáhùn: Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Kí ẹsẹ̀ tó kúrò nílẹ̀ ni orúnkún ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ká, á sì ká tó nǹkan bíi dígírì 60 nígbà tí ẹsẹ̀ wà lókè. Bí iṣan iwájú itan kò bá tú sílẹ̀ lásìkò yẹn, itan á ti lọ síwájú, orúnkún á ṣì nà gbọnrangandan. Bí a bá ya àtẹ, tí a fi ìgbésókè itan sí ìlà kan, tí a fi kíká orúnkún sí ìkejì, ìrìn tó dá ṣáṣá máa ń yà bí òrùka gbígbòòrò. Tọmọ yìí á pẹlẹbẹ. Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ pé ọrùn ẹsẹ̀ ni kò ní agbára láti ti ilẹ̀. Ìrìn jẹ́jẹ́ nìkan náà ń dín kíká orúnkún kù, nítorí náà ẹ má fi wé ọmọ tó ń yára ju tiẹ̀ lọ.

Ìbéèrè: Ṣé fídíò yìí tó fi pinnu iṣẹ́ abẹ?

Ìdáhùn: Rárá o. Bí ẹsẹ̀ bá yí sínú, kámẹ́rà kan ṣoṣo á fi irọ́ hàn yín nípa orúnkún. Níbi tí wọ́n ti ń ṣe é dáadáa, wọ́n á lẹ bọ́ọ̀lù kéékèèké tó ń dán mọ́ ara, kámẹ́rà púpọ̀ á máa wò ó, wáyà á sì wà lórí iṣan láti mọ èyí tó ń le nígbà tó yẹ kó sinmi. Tiyín wúlò láti fi òní wé oṣù mẹ́ta sí i: ibì kan náà, gíga fóònù kan náà, kẹ́ ẹ sì gbé e lọ fún physiotherapist, ìyẹn oníṣègùn tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú ara.