Bí A Ṣe Ń Tún Àkọsílẹ̀ Àtijọ́ Nípa Ẹrẹ̀ Odò àti Omi Abẹ́ Ilẹ̀ Ṣe

Ẹrẹ̀ tó wà ní ìsàlẹ̀ odò kékeré kan kì í wá láti ojú kan ṣoṣo, nítorí pé òjò ti wọ́ ọ wá láti ara gbogbo àpáta àti ilẹ̀ tó ga ju ibẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí àwa tí a ń ṣiṣẹ́ ìmọ̀ kẹ́míkà ilẹ̀ fi lè bu ẹ̀kúnwọ́ kan nínú odò, kí a yẹ̀ ẹ́ wò ní láàbù, kí a sì mọ̀ bóyá wúrà, òjé, bàbà tàbí uranium wà lókè ọ̀hún. Omi kànga náà ń jẹ́rìí bákan náà sí àpáta tó ti gbà kọjá lábẹ́ ilẹ̀. Ní ìdajì kejì ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, ọ̀pọ̀ ìjọba ná owó gọbọi lórí irú ìwádìí yìí, wọ́n sì fi nọ́ńbà rẹpẹtẹ sílẹ̀ fún wa. Àwọn nọ́ńbà náà ṣì wúlò, nítorí kò sí ẹni tó lè padà lọ bu omi tó wà nínú kànga kan ní 1978. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé wọn lé orí máàpù bí ó ṣe bá wọn, àwòrán tí yóò rí lè jẹ́ ti àwọn láàbù tó ṣiṣẹ́ náà, kó má jẹ́ ti ilẹ̀ rárá.

Ìwádìí tí mo máa ń tọ́ka sí jù lọ ni ti Amẹ́ríkà, nítorí pé wọ́n kọ àléébù rẹ̀ sílẹ̀ láìfi bò. Ní 1973, àjọ tó ń mójú tó agbára átọ́míìkì níbẹ̀ dá ètò kan sílẹ̀ tí a mọ̀ sí NURE, kí wọ́n lè mọ bí uranium tó wà nínú ilẹ̀ wọn ṣe pọ̀ tó. Bíbu ẹrẹ̀ odò àti omi abẹ́ ilẹ̀ káàkiri jẹ́ apá kan nínú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ ní 1975. Wọ́n pín ilẹ̀ náà, Alaska pẹ̀lú, sí ojú máàpù 625, wọ́n sì gbé iṣẹ́ lé láàbù ìjọba mẹ́rin lọ́wọ́: Lawrence Livermore, Los Alamos, Oak Ridge àti Savannah River. Láàbù kọ̀ọ̀kan yan ọ̀nà tirẹ̀ láti bu ẹrẹ̀, láti yẹ̀ ẹ́ wò àti láti kọ èsì sílẹ̀. Nígbà tí owó fi tán ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ojú máàpù 307 péré ni wọ́n ti ṣe parí pátápátá. Ohun tó kù lórí téèpù kọ̀ǹpútà jẹ́ fáìlì 894, tí a tò ní ìlànà 47 ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ní 1984, wọ́n gbé iṣẹ́ fún Yunifásítì Oklahoma pé kí ó sọ gbogbo rẹ̀ di ìlànà kan ṣoṣo. Fáìlì 817 ni wọ́n ṣe kí owó tún tó tán. Nígbà tí USGS, àjọ tó ń ṣèwádìí ilẹ̀ fún ìjọba Amẹ́ríkà, wá yẹ iṣẹ́ náà wò, wọ́n rí i pé ìtúntò yìí fúnra rẹ̀ ti dá àṣìṣe tuntun kún ti tẹ́lẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ sọ fún ẹni tó bá gbé fáìlì àtijọ́ wá ni pé kí ó má fọwọ́ kan òpó (ìlà olóròó inú tábìlì) tí nọ́ńbà ìpilẹ̀ṣẹ̀ wà. Ohunkóhun tó bá fẹ́ yí padà, òpó tuntun ni kí ó kọ ọ́ sí, kí ìdí tó fi yí i padà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ wa kò ju pé kí a mọ ohun tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ, kí a sì kọ ọ́ síbi tí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yóò ti rí i.

Àwọn nọ́ńbà tó kéré jù lọ ló máa ń gba àkókò mi jù. Kò sí ẹ̀rọ tí kò ní ààlà. Bí ẹ̀rọ kan kò bá lè rí òjé tó dín sí 5 ppm, ìyẹn ìwọ̀n márùn-ún nínú mílíọ̀nù kan, kò lè sọ pé òjé kò sí nínú ẹrẹ̀ kan. Gbogbo ohun tó lè sọ ni pé ó dín sí 5. Òpó nọ́ńbà inú kọ̀ǹpútà ayé ìgbà náà kò sì gba ohun mìíràn yàtọ̀ sí nọ́ńbà, nítorí náà nínú ọ̀pọ̀ fáìlì NURE, ààlà ẹ̀rọ ni wọ́n kọ, tí wọ́n sì fi àmì ìyọkúrò síwájú rẹ̀: −5 dúró fún “ó dín sí 5”. Ẹni tí kò mọ èyí, tó wá ṣírò ìpíndọ́gba, yóò yọ márùn-ún kúrò níbi tó yẹ kí ó fi díẹ̀ kún. Ẹni tó bá rò pé àṣìṣe ni, tó sì pa gbogbo ìlà bẹ́ẹ̀ rẹ́, yóò sọ ilẹ̀ tí kò ní nǹkan kan nínú di ilẹ̀ ọlọ́rọ̀, nítorí pé àwọn nọ́ńbà ńlá nìkan ni yóò kù sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi a máa fi ìdajì ààlà rọ́pò rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé máàpù ni wọ́n fẹ́ yà, tí wọ́n sì kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ máàpù náà pé báyìí ni àwọn ṣe é, n kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn nínú ìṣirò, pàápàá níbi tí ìdajì àwọn èsì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá wà lábẹ́ ààlà, nítorí pé nígbà náà ohun tí a fọwọ́ ara wa kọ ni à ń ṣírò. Ó sàn kí a sọ pé iye àárín, ìyẹn èyí tó bọ́ sí àárín bí a bá to gbogbo èsì láti orí kékeré dé ńlá, dín sí 5, kí ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀.

Òdo àti àlàfo tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òdo nínú fáìlì àtijọ́ lè túmọ̀ sí pé wọ́n wá nǹkan náà tì, ó lè túmọ̀ sí pé wọn kò wá a rárá, ó sì lè jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ló fi dí àlàfo nígbà tí wọ́n ń gbé fáìlì láti ìlànà kan sí òmíràn. Ìyàtọ̀ yìí ti di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí rí. Ní 1992, British Geological Survey, àjọ tó ń ṣèwádìí ilẹ̀ ní Britain, yẹ omi kànga wò ní apá kan Bangladesh, arsenic, tí í ṣe májèlé, kò sì sí lára àwọn ohun tí wọ́n wọ̀n. Lẹ́yìn náà ni ayé wá mọ̀ pé ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn ń mu omi tí arsenic wà nínú rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè náà. Ẹjọ́ tí wọ́n pè lórí rẹ̀ dé House of Lords ní London, tó jẹ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ nígbà náà, ilé ẹjọ́ náà sì dájọ́ ní 2006 pé àwọn olùwádìí náà kò jẹ ẹni tó pẹjọ́ ní gbèsè ojúṣe lábẹ́ òfin. Ìdájọ́ jẹ́ iṣẹ́ àwọn amòfin. Èyí tó kàn mí níbẹ̀ ni pé ẹni tó bá ka tábìlì tí kò ní òpó arsenic lè fi ọkàn ara rẹ̀ kọ òdo síbẹ̀. Nínú fáìlì tí mo bá tún ṣe, “a kò wọ̀n ọ́n” gbọ́dọ̀ ní àmì tirẹ̀, tí kò jọ ti “a wọ̀n ọ́n, kò tó ohun tí ẹ̀rọ lè rí”.

Lẹ́yìn èyí ni mo máa ń béèrè bí wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n. Kóńgò ọjà kan lè má gba iye ìrẹsì tí kóńgò ọjà kejì ń gbà, bẹ́ẹ̀ ni uranium láàbù kan rí sí ti èkejì. Uranium a máa fara pamọ́ sínú àwọn òkúta wẹ́wẹ́ líle bíi zircon àti monazite, tí ásíìdì lásán kì í lè yọ́ tán. Láàbù tó fi ásíìdì yọ́ ẹrẹ̀ kó tó wọ̀n ọ́n yóò rí apá kan. Èyí tó lo neutron, ìyẹn wóró tín-ín-tín inú átọ́ọ̀mù, láti wọ̀n ọ́n láìyọ́ ọ yóò rí gbogbo rẹ̀. Èsì méjèèjì tọ̀nà, ṣùgbọ́n wọn kò gbọ́dọ̀ wà nínú òpó kan náà. Asẹ́ tí wọ́n fi jọ ẹrẹ̀ náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé ọ̀pọ̀ mẹ́táàlì máa ń pọ̀ sí i bí ẹrẹ̀ bá ṣe kúnná tó. Bí ẹ bá rí i lórí máàpù pé àwọ̀ yí padà lójijì lórí ìlà tó tọ́ gbọọrọ, tí ìlà náà sì bá etí ojú máàpù kan mu, ilẹ̀ kọ́ ló ṣe é. Ohun tó lè so apá méjèèjì pọ̀ ni àwọn ẹrẹ̀ tí a wọ̀n ní ọ̀nà méjèèjì. Oríire ni pé wọ́n tọ́jú púpọ̀ nínú ẹrẹ̀ NURE, tí USGS fi lè fi ọ̀nà tuntun tún un yẹ̀ wò. Níbi tí irú ẹrẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò bá sí, mo máa ń fi apá méjèèjì sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bí ẹni tó fẹ́ máàpù tó dán bá tilẹ̀ bínú.

Ti ojú ibi tí wọ́n ti bu nǹkan kò gba àlàyé púpọ̀. Bí àmì ìyọkúrò bá já kúrò lára ìlà òró (longitude), èyí tó ń sọ bí ibì kan ṣe jìnnà tó sí ìlà-oòrùn tàbí ìwọ̀-oòrùn, odò Colorado tó wà ní 105 ìwọ̀-oòrùn yóò bọ́ sí 105 ìlà-oòrùn, ìyẹn àríwá Ṣáínà, ojú lásán sì tó láti rí irú èyí. Àṣìṣe kékeré ló ń fara pamọ́. Àwọn máàpù àtijọ́ Nàìjíríà, tí a gbé ka ìpìlẹ̀ ìwọ̀n tí a ń pè ní Minna, fi nǹkan bí 100 mítà yàtọ̀ sí ohun tí fóònù wa ń sọ lónìí. Ní ibi tí odò méjì ti pàdé, 100 mítà tó láti gbé ẹrẹ̀ odò kan sínú èkejì, kí a sì lọ máa wa wúrà lórí òkè tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Omi ní àyẹ̀wò kan tí ẹrẹ̀ kò ní. Àwọn ohun tó yọ́ sínú omi máa ń ní iná rere tàbí iná òdì lára, omi fúnra rẹ̀ kò sì ní èyíkéyìí, nítorí náà àròpọ̀ iná méjèèjì gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Bí calcium, magnesium, sodium àti potassium bá wà ní apá kan, tí bicarbonate, chloride, sulphate àti nitrate wà ní apá kejì, tí ìyàtọ̀ wọn sì kọjá ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún dáadáa, a jẹ́ pé nọ́ńbà kan ti ṣìnà. Nitrate ni mo máa ń fura sí, nítorí pé àwọn láàbù kan kọ gbogbo nitrate sílẹ̀, àwọn mìíràn sì kọ nitrogen inú rẹ̀ nìkan. Ààlà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi lélẹ̀ fún omi mímu ni 50 mílígíráàmù nitrate nínú lítà kan, tí í ṣe nǹkan bí 11 bí a bá ka nitrogen nìkan. Ẹni tó bá rí 20 nínú òpó tí kò ní àlàyé kò lè mọ̀ bóyá omi náà dára tàbí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ààlà.

Ní ti nọ́ńbà tó ga ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, mo máa ń ṣọ́ra fún àwọn ètò kọ̀ǹpútà tó ń pa á rẹ́ fúnra wọn. Ní 2010, nígbà tí òjé ń pa àwọn ọmọdé ní Zamfara nítorí òkúta wúrà tí wọ́n ń lọ̀ láàárín ilé, òjé inú iyẹ̀pẹ̀ àgbàlá wọn ga fíìfíì ju 400 ppm tí Amẹ́ríkà ń lò nígbà náà fún ibi tí ọmọdé ti ń ṣeré. Irú ètò bẹ́ẹ̀ ì bá ti pè é ní àṣìṣe. Mo máa ń wá ìwé tí wọ́n fọwọ́ kọ nínú oko, mo máa ń wò ó bóyá zinc àti arsenic ibẹ̀ ga pẹ̀lú, bí mo bá sì ṣe é tì, mo fi àmì ìfura sí i, mo fi í sílẹ̀ síbẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá gbé máàpù irú èyí wá sí àdúgbò yín, ẹ béèrè ọdún tí wọ́n bu ẹrẹ̀ tàbí omi náà, ààlà ẹ̀rọ tí wọ́n lò, àti ibi tí fáìlì ìpilẹ̀ṣẹ̀ wà. Máàpù odò lè tọ́ka sí ibi tó yẹ kí a gbẹ́ wò. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ omi tí ẹ ó máa mu ni ọ̀rọ̀ dá lé, ẹ ní kí wọ́n bu omi kànga yín gan-an báyìí, kí wọ́n sẹ́ ẹ níbẹ̀ kí wọ́n tó rọ ọ́ sínú ìgò tí wọ́n ó fi wọn mẹ́táàlì tó yọ́ sínú rẹ̀, kí wọ́n sì kọ ohun gbogbo tí wọ́n wá nínú rẹ̀ sórí èsì, títí kan èyí tí wọn kò rí.