Àwòfìrí: kí ló dé tí fọ́tò fi ń gbé ojú fọ́tò mìíràn wọ̀?

Ta ló kọ́kọ́ pe thumbnail, àwòrán fáìlì tó máa ń hàn nínú fóldà, ní "èékánná àtàǹpàkò"? Èékánná ta ló wà nínú fóldà? Àwọn mìíràn ní "àwòrán kékeré", ó sì jọ pé ó dáa, àfi ìgbà tí ẹ bá yan Extra large icons tí nǹkan náà gba ojú kọ̀ǹpútà kan. Kékeré wo nìyẹn? Àwòfìrí ni mo ń pè é: ohun tí a wò fìrí, ká lè mọ ohun tó wà nínú fáìlì láìtíì ṣí i. Ẹni tó bá ń sọ pé ọ̀rọ̀ náà ṣàjèjì, ṣé kì í sọ àwòkọ́ṣe ni? Iṣẹ́ tó ń ṣe ni mo fi sọ ọ́ lórúkọ, mi ò wo bó ṣe tóbi tó.

File Explorer, ètò Windows tí a fi ń wo fóldà àti fáìlì, kì í ṣe àwòfìrí tuntun nígbà gbogbo tí a bá ṣí fóldà. Ó máa ń kó èyí tó ti ṣe tẹ́lẹ̀ sínú àwọn fáìlì tí orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú thumbcache. Ó dà bíi pátákó tí ìyá olóúnjẹ kọ orúkọ oúnjẹ sí láàárọ̀: àmàlà ti tán nínú ìkòkò, pátákó ṣì ń pe èèyàn wá jẹ àmàlà. Pátákó ni kí ẹ nù, ẹ má fọwọ́ kan ìkòkò.

Bí fọ́tò bá dúdú tàbí tó gbé ojú fọ́tò mìíràn wọ̀, àmọ́ tó ń ṣí dáadáa, kò sóhun tó ṣe fáìlì yín. (Àwọn tó ń ní kí ẹ tún Windows fi sórí kọ̀ǹpútà nítorí èyí, owó iṣẹ́ ni wọ́n ń wá.) Ẹ tẹ F5 ná. Bí kò bá gbọ́, ẹ tẹ Windows+R, ẹ kọ cleanmgr (Disk Cleanup, ètò tó ń palẹ̀ fáìlì tí a ò nílò mọ́), ẹ tẹ Enter, ẹ yan C:, kí ẹ fi àmì sí Thumbnails nìkan. Ẹ yẹ àwọn tó kù wò dáadáa kẹ́ ẹ tó tẹ OK, torí Windows ti máa ń fi àmì sí òmíràn fúnra rẹ̀.

Bó bá ṣì ń ṣagídí, File Explorer ló di àwọn fáìlì náà mú. Ẹ ṣí Command Prompt, ibi tí a ti ń kọ àṣẹ fún Windows, kí ẹ kọ ìwọ̀nyí tẹ̀ léra, kí ẹ tẹ Enter lẹ́yìn ìlà kọ̀ọ̀kan:

taskkill /f /im explorer.exe
del /f "%LocalAppData%\Microsoft\Windows\Explorer\thumbcache_*.db"
start explorer.exe

Taskbar, ìlà tó wà nísàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà, yóò pòórá lẹ́yìn ìlà àkọ́kọ́. Ẹ má pa kọ̀ǹpútà o. Ìlà kẹta ló ń dá a padà. Fóldà tí fọ́tò kún inú rẹ̀ yóò lọ́ra nígbà àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ bá tún ṣí i, torí pé ó ń ṣe àwòfìrí lọ́tun ni.

Bí kò bá sí àwòfìrí rárá, Folder Options ni kí ẹ lọ, lábẹ́ View, kí ẹ yọ àmì kúrò níwájú "Always show icons, never thumbnails". Bó bá jẹ́ fọ́tò HEIC láti iPhone nìkan ni kò fojú hàn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ HEIF Image Extensions tàbí HEVC Video Extensions, àwọn ètò tó ń jẹ́ kí Windows lè ka irú fọ́tò bẹ́ẹ̀, ni kò sí lórí kọ̀ǹpútà. Àwọn méjèèjì wà ní Microsoft Store. Tí gbogbo ojú kọ̀ǹpútà bá wá ń ṣẹ́jú, tí ìlà ń fà kọjá lórí fóldà, ọ̀rọ̀ dráífà, ètò tó ń darí ohun tó ń hàn lójú kọ̀ǹpútà, nìyẹn: Windows+Ctrl+Shift+B ni kí ẹ tẹ̀ kó lè tún bẹ̀rẹ̀, ẹ má pa fáìlì kankan rẹ́.