Bí tẹlifíṣọ̀n àti ẹ̀sìn ṣe ń jọ ṣe láàárín àwọn Lárúbáwá

Lálẹ́ ọjọ́ 3 oṣù keje 2013, tí àwọn ṣọ́jà Íjíbítì gba ìjọba lọ́wọ́ ààrẹ Morsi, Sisi tó jẹ́ olórí àwọn ṣọ́jà dúró lórí tẹlifíṣọ̀n ó ń ka ìwé, Ahmed el-Tayeb tó jẹ́ Sheikh àgbà Al-Azhar, mọ́ṣáláṣí àti yunifásítì ńlá tó wà ní Cairo, wà níjokòó, Pope Tawadros, olórí àwọn Kírísítẹ́nì Coptic, náà wà níbẹ̀. Alẹ́ yẹn kan náà ni wọ́n pa àwọn ìkànnì ẹlẹ́sìn bíi Al-Nas àti Al-Hafez, àwòrán pòórá. Ẹni tí alẹ́ yẹn bá yé ti mọ ìdajì bí nǹkan ṣe ń lọ.

Ó pẹ́ tó ti ń rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n dé Sáúdí lọ́dún 1965, àwọn kan fárígá pé àwòrán èèyàn, ère ni, ọmọ ọba kan tó ń jẹ́ Khalid bin Musaid wà lára àwọn tó ya bo ilé iṣẹ́ náà, ọlọ́pàá sì yìnbọn pa á. Àlùkùráánì tí wọ́n ń ké lórí tẹlifíṣọ̀n náà ni ìjọba fi ń tu àwọn ààfáà lójú. Ìjọba ń lo ẹnu ààfáà kí aráàlú lè gbà á gbọ́, ààfáà náà ń lo ẹ̀rọ ìjọba kí ohùn ẹ̀ lè dé ibi tí mọ́ṣáláṣí ò dé, ṣebí ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ akèrègbè.

Sátẹ́láìtì ló wá da gbogbo ẹ̀ rú. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá ń wá fátíwà, ìyẹn ìdáhùn ààfáà lórí òfin ẹ̀sìn, ní Cairo, Dar al-Ifta ló ń lọ, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ti wà láti 1895. Àmọ́ lọ́dún 1996 Al Jazeera bẹ̀rẹ̀ ní Doha lórí owó ìjọba Qatar, wọ́n sì ń gbé Yusuf al-Qaradawi, ọmọ Íjíbítì tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn, sórí ètò kan tí àwọn èèyàn á ti pè wọlé láti ìlú tó wù wọ́n, wọ́n á béèrè ọ̀rọ̀ èlé báńkì, ìkọ̀sílẹ̀, ogun, òṣèlú, gbogbo ẹ̀ pátá. Ìròyìn ni àbí wàásù? Méjèèjì. Mufti ìlú ẹ, ìyẹn ààfáà àgbà tó ń fúnni ní fátíwà, ò rí ẹ mú mọ́, ìjọba ìlú ẹ náà ò lè pa ọkùnrin yẹn lẹ́nu mọ́, àfi Qatar tó ń gbọ́ bùkátà ẹ̀.

Àwọn olówó Sáúdí náà ò kẹ̀rẹ̀. Saleh Kamel dá ìkànnì ẹ̀sìn Iqraa sílẹ̀ lọ́dún 1998, ọmọ ọba Alwaleed bin Talal dá ìkànnì Al-Resalah sílẹ̀ lọ́dún 2006, ó fi Tareq al-Suwaidan ṣe olórí ẹ̀. Ní 2013 tí Suwaidan ní Muslim Brotherhood, ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn tí Morsi ti wá, lòun, Alwaleed lé e, orí Twitter ló ti kéde ẹ̀! Ti Lẹ́bánónì tún yàtọ̀, kálukú ló ní tiẹ̀, Hezbollah, ẹgbẹ́ Mùsùlùmí Ṣíà tó ń gbé ìbọn, ní ìkànnì Al-Manar, ẹgbẹ́ ológun Kírísítẹ́nì ló dá ìkànnì LBC sílẹ̀ lọ́dún 1985.

Oṣù ààwẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ń hàn jù. Ní ọjọ́ 29 Ṣáábánì, oṣù tó ṣáájú oṣù ààwẹ̀, àwọn sítéṣọ̀n Sáúdí á máa dúró de ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ kó sọ bóyá wọ́n rí oṣù, bó bá ti jáde báyìí, kò ní pẹ́ wọ WhatsApp àwọn ààfáà Ìbàdàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Sultan Sókótó ló ń kéde tiwa. Mòrókò ò ní tẹ̀lé wọn o. Ilé iṣẹ́ ìjọba tiwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni wọ́n ń dúró dè, ìgbà míì ọjọ́ kejì ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ààwẹ̀, akàròyìn Rabat á sì kà á bí ẹni pé kò gbọ́ ti Riyadh rárá.