Ìmúpọ́n Ewé Tábà: Ìdí Tí "Sísá" Kò Fi Tó

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ ṣe àlàyé rẹ̀ ni iṣẹ́ tí ó wà láàrin ọjọ́ tí a já ewé tábà kúrò lára igi rẹ̀ àti ọjọ́ tí ewé náà di ohun tí a lè kó pamọ́, iṣẹ́ tí àwọn olóyìnbó ń pè ní curing. Ìmúpọ́n ni mo ń pè é, mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tí ó ń gbin tábà sí ọgbà ilé rẹ̀ máa pè é bẹ́ẹ̀, nítorí pé orúkọ tí a bá fún iṣẹ́ yìí ni ọwọ́ ń tẹ̀ lé. Mo ti rí ewé tí ó fẹ̀ dáadáa, tí ara rẹ̀ kò ní àbùkù, tí àwọn tí ó gbìn ín fi ọ̀pọ̀ oṣù tọ́jú, tí ó sì bàjẹ́ láàrin ọjọ́ díẹ̀ péré nítorí pé ẹnìkan sọ fún wọn pé kí wọ́n lọ sá a.

Àwọn orúkọ mìíràn tí mo ń rí kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá. Àwọn kan ń kọ "ìwòsàn ewé". Ìtumọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n rí nínú ìwé atúmọ̀ èdè ni wọ́n gbé, láìwo ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń ṣe nínú oko. Ewé tí a já kò ṣàìsàn, kò sì sí ohun tí a ń wò sàn lára rẹ̀. Àwọn mìíràn kàn fi ohùn Yorùbá pe ọ̀rọ̀ olóyìnbó náà, wọ́n kọ "kíọ́ríǹ", wọ́n sì rò pé àwọn ti ṣe àlàyé, bẹ́ẹ̀ ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀ kò ní rí ohun kan dì mú nínú rẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń kọ "ìtọ́jú" sún mọ́ òtítọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo iṣẹ́ ọgbà ni ìtọ́jú, láti orí ríro oko títí dé orí bíbu omi. Ọ̀rọ̀ tí ó bo gbogbo nǹkan kò lè tọ́ka sí ọ̀kan.

"Sísá" ni ó léwu jù nínú wọn, nítorí pé ó jẹ́ ojúlówó Yorùbá, ó sì dùn létí. A máa ń sá ohun tí a fẹ́ kí omi tán lára rẹ̀ kíákíá, a tẹ́ ẹ sínú oòrùn, bí ó bá gbẹ, iṣẹ́ parí. Òótọ́ ni pé omi pọ̀ nínú ewé tábà tútù, ó lè tó ìdá 80 sí 90 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n rẹ̀, òótọ́ sì ni pé ó gbọ́dọ̀ gbẹ níkẹyìn. Ṣùgbọ́n bí gbígbẹ bá yára ju iṣẹ́ tí ó yẹ kí ó ṣáájú rẹ̀ lọ, ewé náà ti bọ́ lọ́wọ́ ẹni.

Ẹ wo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a gé nígbà tí ó gbó ṣùgbọ́n tí kò tíì pọ́n. A gbé e sí igun ilé, kò sí lára igi mọ́, síbẹ̀ ó wà láàyè: àwọ̀ ewé ara rẹ̀ ń ṣí kúrò, sítáàṣì inú rẹ̀ ń di ṣúgà, òórùn rẹ̀ ń yí padà lójoojúmọ́. Ẹni tí ó bá gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù yẹn wẹ́wẹ́ tí ó sì sá a yóò rí ohun gbígbẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n adùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n kò ní sí nínú rẹ̀ láé, nítorí pé a ti pa á kí iṣẹ́ inú rẹ̀ tó parí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ewé tábà rí. Lẹ́yìn tí a bá já a, ó ṣì ń mí. Àwọn ẹ́ńsáìmù inú rẹ̀, èyí tí í ṣe èròjà tí ń mú ìyípadà ṣẹlẹ̀ nínú ohun alààyè, ń tú klorofíìlì, ohun tí ó fún ewé ní àwọ̀ tútù rẹ̀, palẹ̀, àwọ̀ ìyeyè tí ó ti wà lábẹ́ rẹ̀ látẹ̀yìnwá sì ń hàn, sítáàṣì sì ń di ṣúgà. Omi ni ó ń jẹ́ kí gbogbo èyí ṣeé ṣe. Ewé tí oòrùn gba omi rẹ̀ lójijì yóò kú pẹ̀lú àwọ̀ ewé lára rẹ̀, yóò máa rún bí a bá fọwọ́ kàn án, èéfín rẹ̀ yóò korò, yóò sì máa ta ọ̀nà ọ̀fun.

Ìtàn kan tí àwọn agbẹ̀ tábà kì í gbàgbé fi èyí hàn. Ní ọdún 1839, ní Caswell County ní ìpínlẹ̀ North Carolina, Amẹ́ríkà, Stephen, ọkùnrin tí wọ́n fi ṣe ẹrú ní oko ìdílé Slade, ń ṣọ́ iná tí wọ́n dá sábẹ́ ewé tábà. Wọ́n ní oorun gbé e lọ, iná náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kú kí ó tó jí. Ó wá sáré kó èédú gbígbóná wá, ooru gbígbẹ sì ru lẹ́ẹ̀kan náà. Ewé náà dúró sí àwọ̀ ìyeyè tí ó ń dán. Ní tèmi, ohun tí ìtàn yìí ń kọ́ni ni pé ewé náà ní àyè láti pọ́n nígbà tí ooru fi kéré, ooru líle tí ó tẹ̀ lé e ni ó sì mú àwọ̀ náà dúró.

Ẹnìkan ti bá mi jiyàn pé ewé ti ń pọ́n lórí igi kí a tó já a, nítorí náà orúkọ mi yóò da iṣẹ́ méjì pọ̀. N kò gbà. Èdè wa ti ya ìyẹn sọ́tọ̀ tipẹ́: gbígbó ni ti orí igi, pípọ́n ni ti lẹ́yìn jíjá. Ewé tábà tí ó gbó máa ń nípọn, ara rẹ̀ á máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́, àmì ìyeyè á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́n káàkiri ojú rẹ̀, ṣóńṣó rẹ̀ á tẹrí ba. Bí a bá fi àtàǹpàkò tẹ ìdí rẹ̀ sísàlẹ̀, yóò ya kúrò lára igi pẹ̀lú ìró kan ṣoṣo. Láti ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń gbó lọ sókè, nítorí náà ewé bíi méjì sí mẹ́rin ni à ń já lára igi kan lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan a tún padà wá. Ẹni tí ó ti gé orí òdòdó kúrò, tí ó sì ń já àwọn ọ̀mùnú tí ń yọ ní ìdí ewé, kò ní ṣòro fún láti mọ ewé tí ó gbó. Ewé tí kò gbó kò ní pọ́n, ohun yòówù kí a ṣe sí i.

Àwọn mìíràn ní ewé tí a fi afẹ́fẹ́ lásán mú pọ́n kì í parí sí àwọ̀ ìyeyè, pé ó máa ń di àwọ̀ ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, nítorí pé ó pẹ́ láàyè, ó sì fi mímí jẹ ọ̀pọ̀ nínú ṣúgà rẹ̀ tán. Ti ewé tí a fi ooru iná mú pọ́n nínú ilé kì í ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan lọ, ooru sì ń dá a dúró nígbà tí ṣúgà ṣì wà nínú rẹ̀. Ìmúpọ́n ni méjèèjì.

Ní ilé, ohun tí ó yẹ ni kí a fi òwú so ìdí ewé ní méjì-méjì, kí a sì so wọ́n rọ̀ sábẹ́ ìbòòji tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, kí ojú ewé má lẹ̀ mọ́ra, nítorí pé ibi tí wọ́n bá ti lẹ̀ mọ́ra ni èbu ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ tí ó wà ní nǹkan bí ìdá 65 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó dára jù. Bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ sún wọn mọ́ra díẹ̀ tàbí kí ẹ gbé omi sínú yàrá náà. Bí ó bá rin jù, ẹ ṣí fèrèsé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́jọ ni iṣẹ́ náà ń gbà. Kí ẹ wọ ìbọ̀wọ́ nígbà tí ẹ bá ń já ewé, pàápàá tí ìrì bá wà lára rẹ̀, nítorí pé níkótíìnì inú omi ara ewé ń gba awọ ara wọlé, ó sì ń fa òòyì àti èébì.

Ọ̀pá àárín ewé ni ó ń gbẹ kẹ́yìn. Bí ó bá ṣẹ́ pẹ́kẹ́ nígbà tí a tẹ̀ ẹ́, ó ti tó. Bí ó bá kàn ká láìṣẹ́, ẹ fi í sílẹ̀ síbẹ̀, nítorí pé omi tí ó kù nínú rẹ̀ yóò mú kí gbogbo ìdì náà bu. Ẹ má ṣe kó o ní ọ̀sán gangan tí yóò máa rún: ẹ dúró de òwúrọ̀ tí afẹ́fẹ́ rin, tí ewé tún rọ̀, kí ẹ tó tú òwú rẹ̀.