Ibi tí eré íntánẹ́ẹ̀tì fáíbà ń rá sí nínú ilé

Bí wọ́n bá fa fáíbà wọ ilé kan nílùú Ògbómọ̀ṣọ́, tí onílé ń sanwó 200 Mbps (Mbps ni òṣùwọ̀n eré íntánẹ́ẹ̀tì) lóṣooṣù, tí fóònù tó wà ní yàrá ẹ̀yìn wá ń ka 18, iléeṣẹ́ tó fa okùn ni gbogbo ẹnu ń kọ́kọ́ bá wí. Lọ́pọ̀ ìgbà, okùn ò lẹ́bi. Àárín ráútà, ìyẹn àpótí tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì káàkiri ilé, àti fóònù ni eré náà ń rá sí.

Ìmọ́lẹ̀ ni fáíbà ń gbé, nínú gíláàsì tí ojú ọ̀nà rẹ̀ tó nǹkan bíi máíkírónì 9 (ẹgbẹ̀rún máíkírónì ló wà nínú mílímítà kan). Irun orí èèyàn fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ìdí nìyí tí a kì í fi í ṣẹ́ ẹ po bí okùn ìso-ewúrẹ́: níbi tó bá ti tẹ̀ jù, ìmọ́lẹ̀ á máa jò síta. Lára àpótí kékeré tí okùn fáíbà wọ̀, tí wọ́n ń pè ní ONT, iná PON tó tàn láì ṣẹ́jú ń sọ pé ìmọ́lẹ̀ ń dé. Bí LOS bá tàn pupa, ìmọ́lẹ̀ ò wọlé mọ́. Iléeṣẹ́ ló máa tún un ṣe, pípa-tíntàn ráútà ò lè so gíláàsì tó já.

Bí iná bá pé, wáyà ni kí á fi wọn eré, kì í ṣe Wáìfáì. Kí á ki wáyà LAN bọ ẹ̀yìn ráútà àti lápútọ́ọ̀pù, kí á pa Wáìfáì lápútọ́ọ̀pù náà, kí àwọn ará ilé sì sinmi íntánẹ́ẹ̀tì fún ìṣẹ́jú méjì. Bó bá ka 190, fáíbà ti yege. Bó bá wá rọ̀ mọ́ 94, tí kò kúrò níbẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́, ìtàn mìíràn nìyẹn. Fọ́nrán mẹ́jọ ló wà nínú wáyà LAN, wọ́n lọ́ pọ̀ ní méjì-méjì. Mẹ́rin ni 100 Mbps ń lò. 1000 Mbps ń lo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, kò gbà kí ọ̀kan yẹ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo tí ẹsẹ̀ àga tẹ̀ já ti tó láti fa gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn sí 100, láìsí pé nǹkan kan dákú. Ó dùn mí fún ẹni tó ń san owó 200 báyìí lóṣooṣù, nítorí wáyà tuntun kan ló máa yanjú ẹ̀. Ihò ráútà olówó pọ́ọ́kú mìíràn pàápàá ò kọjá 100.

Ó ku Wáìfáì. Ìgbì Wáìfáì tí wọ́n ń pè ní 2.4 GHz ń rìn jìnnà, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà (channel) tí kì í gun ara wọn nínú rẹ̀ ò ju mẹ́ta lọ: 1, 6 àti 11. Lágbègbè Under G lẹ́bàá yunifásítì LAUTECH, níbi tí ráútà ti lè wà ní yàrá méjì-mẹ́ta nínú ilé akẹ́kọ̀ọ́ kan, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ bo ara wọn mọ́lẹ̀. Ìgbì 5 GHz yá ju bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ ògiri ni ọ̀tá rẹ̀. Ògiri amọ̀ tó nípọn nínú agboolé àtijọ́ máa ń fà á mu; irin inú dẹ́kìn àti ẹ̀yìn dígí ńlá máa ń dá a padà. Kí á má fi ráútà sílẹ̀ lójú fèrèsé tí okùn gbà wọlé, tàbí kí á tì í sẹ́yìn fìríìjì. Kí á fa wáyà LAN dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí á gbé ráútà sókè níbẹ̀.

Bí eré tí a wọ̀n lórí wáyà bá ń wálẹ̀ lálẹ́ nìkan, tó sì pé láàárọ̀, ó ṣeé ṣe kí èrò ti pọ̀ lórí okùn, nítorí ilé 32 tàbí 64 lè jọ máa pín okùn kan. Kí á kọ iye àti aago sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, kí á tó pe iléeṣẹ́.