Ta Ló Di Òṣùwọ̀n Mú? Bí Botswana àti De Beers Ṣe Ń Pín Dáyámọ́ǹdì

Bí ọ̀rọ̀ ìwakùsà bá délẹ̀, ẹnìkan kò ní ṣàì dárúkọ Botswana: "Àwọn yẹn kúkú gbọ́n, ìdajì-ìdajì ni wọ́n ń pín in pẹ̀lú òyìnbó." Ẹlòmíràn á ní ìrẹ́jẹ ni, kí ló dé tí onílẹ̀ á fi gba ìdajì péré? Àwọn méjèèjì ló ṣì í. Lóòótọ́, ìjọba Botswana ló ni ìdajì Debswana, ilé-iṣẹ́ tó ń wa dáyámọ́ǹdì ní Orapa àti Jwaneng, De Beers, ilé-iṣẹ́ òyìnbó tó ń wa dáyámọ́ǹdì tó sì ń tà á, ló sì ni ìdajì yòókù. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òkúta ni wọ́n ń là sí méjì, kì í sì í ṣe owó ọjà.

Ẹni tó bá ti dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ rí, kò ní pẹ́ yé e. Onílẹ̀ kì í dúró de èrè kó tó gba ìṣákọ́lẹ̀. Ìjọba Botswana náà ń gba ìṣákọ́lẹ̀ tirẹ̀, 10 nínú 100 iye dáyámọ́ǹdì, kí ẹnikẹ́ni tó ka èrè. Lẹ́yìn ìyẹn ló gba owó orí. Ohun tó bá ṣẹ́ kù ni wọ́n wá dá sí méjì. Kó gbogbo rẹ̀ jọ, nǹkan bí 80 nínú 100 èrè ibi ìwakùsà ló ń bọ́ sápò ìjọba. Ìjọba yìí kan náà tún ní ìpín 15 nínú 100 nínú De Beers fúnra rẹ̀, ìyẹn ni pé ó tún ń bu díẹ̀ jẹ nínú abọ́ ẹnìkejì.

Kò bẹ̀rẹ̀ báyìí o. Ọdún kan lẹ́yìn òmìnira, ní 1967, ni wọ́n rí dáyámọ́ǹdì Orapa. Nígbà tí wọ́n dá ilé-iṣẹ́ tó di Debswana sílẹ̀ ní 1969, ìpín ìjọba kò ju 15 nínú 100 lọ. Ó di 1975 kó tó di ìdajì. Ilẹ̀ àwọn Bangwato, àwọn ènìyàn Seretse Khama, ààrẹ àkọ́kọ́, gan-an, ni Orapa wà, síbẹ̀ Khama ló ṣíwájú nínú mímú kí ohun abẹ́ ilẹ̀ di ti gbogbo orílẹ̀-èdè. (Ní ti Jwaneng, ikán ló tú àṣírí rẹ̀: ó gbé wóró òkúta láti ìsàlẹ̀ iyanrìn Kalahari wá sókè, àwọn awakùsà sì tọpa rẹ̀.)

Ibi tí ọgbọ́n wà gan-an kò sí níbi ìpín. Ìṣákọ́lẹ̀ ni o, owó orí ni o, èrè ni o, orí nǹkan kan ṣoṣo ni gbogbo wọn dúró lé: iye tí wọ́n bá sọ pé òkúta náà tó. Gbogbo ayé ló mọ iye tí góòlù ń tà láàárọ̀ òní. Dáyámọ́ǹdì kò rí bẹ́ẹ̀. Òkúta méjì lè wúwo bákan náà, kí ọ̀kan pọ́n díẹ̀, kí èkejì ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun nínú, kí iye wọn má sì jọra rárá. Ẹnìkan ló máa jókòó, á gbé e sójú awò, á ní iye báyìí ló tó. De Beers tó sì ni ìdajì ibi ìwakùsà, òun náà ló ń ra èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó jáde níbẹ̀.

Àwọn àgbẹ̀ kòkó mọ ẹjọ́ yìí. Alágbàtà dé, ó gbé òṣùwọ̀n tirẹ̀ dání. O gbé àpò lé e, ó ní kílò 58. O mọ̀ pé ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìwọ lo fi orí rù ú dé ibẹ̀. Ó tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó là á wò, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní kò gbẹ tó, ó tún yọ kílò méjì. Ẹ lè jọ máa nájà títí ilẹ̀ á fi ṣú. Níwọ̀n ìgbà tí òṣùwọ̀n bá ti jẹ́ tirẹ̀, ó ti mú tirẹ̀ kí ẹ tó lanu. Ohun tí o lè ṣe kò ju méjì lọ: kí o ní òṣùwọ̀n tìrẹ, tàbí kí o ya àpò díẹ̀ sọ́tọ̀, kí o gbé e lọ síbòmíràn, kí o wo iye tí ẹlòmíràn á san.

Botswana ṣe méjèèjì. Ìjọba ní olùdíyelé tirẹ̀ tó ń tún òkúta wò. Gaborone, olú-ìlú wọn, ni wọ́n ti ń ṣà á, nílé-iṣẹ́ tí ìjọba tún ni ìdajì rẹ̀. Ní 2013, De Beers kó ọjà títà rẹ̀ kúrò ní London wá síbẹ̀, àwọn oníbàárà tó ń ti Antwerp àti Mumbai bọ̀ sì ń wọkọ̀ òfuurufú wá bá òkúta nílé.

Àpò tí wọ́n yà sọ́tọ̀ ni Okavango Diamond Company, ti ìjọba pátápátá. Ó ń gba apá kan òkúta Debswana, 15 nínú 100 tẹ́lẹ̀, ó wá di 25, ó sì ń tà á ní gbàǹjo. Bí gbàǹjo bá fi hàn pé irú òkúta kan ń tà ní 120, tí wọ́n sì ń díye lé irú rẹ̀ ní 100 nínú èyí tí De Beers ń rà, àlàyé ti délẹ̀ nìyẹn. Èyí ló mú kí gbàǹjo kékeré yẹn níye lórí ju owó tó ń pa wọlé lọ.

Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n tó péye kò mú oníbàárà wá. Dáyámọ́ǹdì tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ ṣe ti gba ojú ọjà mọ́ ti inú ilẹ̀ lọ́wọ́. Debswana wa nǹkan bíi mílíọ̀nù 24.7 káràtì (òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn dáyámọ́ǹdì) ní 2023; ní 2024, ó dín in kù sí bíi mílíọ̀nù 18. Láti 1994 ni ìjọba ti dá Pula Fund sílẹ̀, pé kí wọ́n máa fi nǹkan pamọ́ nínú owó òkúta tí kò lè hù padà, ṣùgbọ́n wọ́n ti bu lára rẹ̀ láwọn ọdún tí ọjà kò tà. Ní oṣù kejì ọdún 2025 ni wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn tuntun, lábẹ́ ààrẹ tuntun, Duma Boko: ìpín òkúta Okavango di 30 nínú 100 fún ọdún márùn-ún, kó tó gòkè sí 40. Òkúta tí ìjọba á fúnra rẹ̀ wá oníbàárà fún ti wá pọ̀ sí i, lásìkò tí àwọn oníbàárà ń fà sẹ́yìn.